Nígbà Tí Pretoria Jẹ́ Èèwọ̀

Ẹni tó bá gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà láyé ìjọsí yóò rí ìkìlọ̀ kan nínú rẹ̀: ìwé yìí wúlò fún gbogbo orílẹ̀-èdè àgbáyé, àyàfi Gúúsù Áfíríkà. Àwa tí a dàgbà lábẹ́ ìkìlọ̀ yẹn kò bèèrè ìdí. A ti mọ̀ ọ́n. Ní 1976 ni ìjọba àpapọ̀ dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń jà fún òmìnira lápá ìsàlẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ sí i, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ń dá tiwọn. Ọdún yẹn náà ni Nàìjíríà kọ̀ láti kópa nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ní Montreal nítorí ọ̀rọ̀ Gúúsù Áfíríkà. Ní 1977, Sonny Okosun gbé orin "Fire in Soweto" jáde, kò sì sí òde ìnáwó tí wọn kì í ti í lù ú. Nínú gbogbo ìlú ilẹ̀ náà, Pretoria ló korò jù létí wa. Ibẹ̀ ni ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà fi ṣe ibùjókòó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Mandela ní 1964.

Lónìí, àwọn ọmọ wa ń tò fún físà Pretoria. Ọmọ tó gboyè òfin ní Ifẹ̀ tàbí ní Ìbàdàn, tó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn dójú àmì, kì í pẹ́ kó tó gbọ́ orúkọ Ibùdó Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tó wà ní ẹ̀ka òfin Yunifásítì Pretoria. Láti 1986 ni ibùdó náà ti wà. Láti 1992 ló ti ń ṣètò ìdíje ẹjọ́ rírò fún àwọn yunifásítì Áfíríkà. Láti 2000 ló ti ń kọ́ni ní másítà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ìjọba àwarawa. Nǹkan bí ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń mú lọ́dún láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi. Wọn á lo ìdajì ọdún ní Pretoria, wọn á wá pín wọn sí yunifásítì mìíràn láti parí iṣẹ́ ìwádìí wọn: Makerere ní Uganda, Addis Ababa, Accra, títí dé Abomey-Calavi lẹ́bàá Cotonou. UNESCO fi ẹ̀bùn dá ibùdó náà lọ́lá ní 2006. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2012. Ìlú tí a kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ló wá di ilé ìwé tí à ń bẹ̀bẹ̀ wọ̀. Kò yẹ kí ojú ro wá sí i, kò sì yẹ kí a tíì pàtẹ́wọ́.

Torí yunifásítì tí à ń sọ yìí kì í ṣe ilé olómìnira nígbà náà. Ní 1908 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Láti 1932, èdè Afrikaans nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀, àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun ni wọ́n sì ń kọ́. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló gboyè níbẹ̀. 1986 tí ibùdó náà bẹ̀rẹ̀ ni ààrẹ P. W. Botha kéde òfin pàjáwìrì jákèjádò ilẹ̀ náà, tí ọlọ́pàá ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sí àtìmọ́lé láìsí ẹjọ́. Kí àwọn olùkọ́ òfin mélòó kan jókòó sáàárín irú ilé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn làwọn fẹ́ kọ́ ènìyàn, ó gba àyà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká bù fún wọn ju bó ṣe yẹ lọ. 1989 ni yunifásítì náà tó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo àwọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ nínú ọgbà tí ọmọ onílẹ̀ kò lè wọ̀ wá gbọ́.

Àwa tí à ń ka òfin ní Nàìjíríà lásìkò kan náà kò lẹ́nu láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1983, ìjọba wa sọ Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn di òfin ilẹ̀ wa. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún yẹn gan-an ni ológun gbàjọba. Kí 1984 tó dàgbà, Dìkíríì 2 ti dé, tó fún wọn láṣẹ láti ti ènìyàn mọ́lé láì gbé e dé kóòtù. Dìkíríì 4 tẹ̀ lé e, òun ló rán Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn The Guardian, lọ sẹ́wọ̀n. Ní ọjọ́ 19 Oṣù Kẹwàá 1986, bọ́ǹbù tí wọ́n dì bí ìwé pa akọ̀ròyìn Dele Giwa nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà, bó ṣe fẹ́ tú u wò. Ní ọjọ́ 21, Àdéhùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí iye orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i ti pé. Ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín òkú àti àdéhùn. Òkú ni gbogbo wa ń sọ. A kò gbọ́ gbúròó àdéhùn.

Òde òní, àdéhùn náà wà lórí fóònù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó há sáàárín ènìyàn nínú dáńfó lè ṣí i, kó ka ibi tó ti sọ pé a kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn tàbí tì í mọ́lé bó ṣe wu aláṣẹ. Ó lè ka ìpinnu Ìgbìmọ̀ Áfíríkà tó wà ní Banjul pẹ̀lú, nítorí Pretoria ń kó wọn jọ, ó ń tẹ̀ wọ́n. Láti 2001 ni ibùdó náà ti ní jọ́nà tirẹ̀ lórí òfin ẹ̀tọ́ ní Áfíríkà. Ilé ìtẹ̀wé òfin yunifásítì náà sì ń gbé ìwé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá ní détà yóò gbà á. Oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbé síwájú ìran wa rí nìyí. Àmọ́ bí oúnjẹ ṣe ń pọ̀ ni jíjẹ rẹ̀ ń di ìtọ́wò. Àwọn olùkọ́ ń ráhùn báyìí pé ẹ̀rọ ló ń bá ọmọ kọ iṣẹ́ àṣetiléwá, tó ń tọ́ka sí ẹjọ́ tí wọn kò rò ní kóòtù kankan láyé yìí.

Nígbà tiwa, kò sí ẹjọ́ àròsọ. Ẹjọ́ gidi gan-an ò tó kà. Ẹ̀dà ìwé kan ló máa ń wà ní ilé ìkàwé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á fa ojú ewé tó ń wá ya, àwọn tó kù á máa ka àlàfo. Ìwé tí olùkọ́ pín fún wa, ẹ̀rọ Gẹsítẹ́nà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, tí tàdáwà rẹ̀ á yí ènìyàn lọ́wọ́ títí dé àkàrà àárọ̀. 1985 ni agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìdájọ́ kóòtù jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí kọ́ọ̀sì kankan tó ń jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Orí kẹrin òfin ìpìlẹ̀ 1979 ni wọ́n ń kọ́ wa, olùkọ́ á sì fi kún un pé ológun ti fi dìkíríì lé e lórí. Ẹjọ́ Lakanmi ni a máa ń há sórí. Ní 1970, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ológun kò lè jókòó sí bárékè kó fi dìkíríì dá ènìyàn lẹ́bi, kó sì gba dúkìá rẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí ológun fi gbé Dìkíríì 28 jáde, tó sọ ìdájọ́ náà di asán. Nínú wákàtí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, a kọ́ òfin, a sì kọ́ bí wọ́n ṣe pa á.

Nísinsìnyí, ẹjọ́ rírò ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, mọ́ọ̀tù ni àwọn ọmọ ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ibùdó Pretoria, ibẹ̀ ni kó lọ. Wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè kan kalẹ̀ tí kò sí lórí máàpù, tí gbogbo ènìyàn sì mọ ẹni tó jọ. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan á rán akẹ́kọ̀ọ́ méjì àti olùkọ́ kan wá. Ọmọ Cotonou á ro ẹjọ́ tirẹ̀ ní Faransé, ọmọ Maputo ní Potogí, ọmọ Èkó ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìhà méjèèjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún. Láàárọ̀, ọmọbìnrin kan á dìde, á tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, á ní ìjọba kò rú òfin kankan. Lọ́sàn-án, òun kan náà á dìde, á ní ìjọba yìí jẹ̀bi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohùn rẹ̀ kò ní gbọ̀n ní ìgbà méjèèjì. Ìdíje náà ń kiri láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, nígbà tó sì di 2009, wọ́n dá èyí tí gbogbo ayé lè wá sílẹ̀, wọ́n fi orúkọ Mandela pè é. Ìran wa mọ ẹjọ́ Lọ́ńdọ̀nù ju ẹjọ́ Accra lọ; àwọn ọmọ yìí mọ ọmọ Kampala tí wọ́n jọ díje. Ohun tí kò tíì dá wa lójú ni ohun tí ènìyàn ń dà bó bá ti mọ̀ ọ́n sọ lọ́nà méjèèjì.

Ìran wa fẹ́ràn láti sọ ìtàn bí ẹni pé ọ̀nà kan ṣoṣo la mọ̀, bí ẹni pé gbogbo agbẹjọ́rò ló tò sẹ́yìn Gani. Irọ́ ni. Ní 1984, Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò ní kí ọmọ ẹgbẹ́ má yọjú sí tíríbúnà ológun. Gani yọjú, ó ní olóṣèlú tó kówó ìlú jẹ gbọ́dọ̀ jẹ́jọ́. Ẹgbẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ẹni àbùkù. Gani yìí kan náà ló gbé ọ̀ràn ikú Dele Giwa kiri kóòtù, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi gbà ní Oṣù Kejìlá 1987 pé ọmọ ìlú lásán lè lọ sí kóòtù nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tí wọ́n ta sílẹ̀. Ìlẹ̀kùn ńlá ni ìdájọ́ yẹn ṣí, àmọ́ títí di òní, kò sí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ikú náà. Ọdún yẹn ni Olisa Agbakoba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ CLO sílẹ̀. Ní 1989, ẹgbẹ́ CDHR tẹ̀ lé e, Beko Ransome-Kuti tó jẹ́ dókítà ló sì ṣáájú wọn. Wọn kò pọ̀. Àwọn tó pọ̀ wà ní ọ́fíìsì, wọ́n ń kọ ìwé ilẹ̀ àti ìwé ilé-iṣẹ́, wọ́n ń fi àdúrà ran àwọn tó wà ní àtìmọ́lé lọ́wọ́.

Lóde òní, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀tọ́ kò ní láti jẹ́ akọni. Ohun tí irú ibùdó Pretoria yìí ṣe fún ayé gan-an nìyẹn: ó sọ ohun tó jẹ́ ti aláyà líle di iṣẹ́ tí ènìyàn lè kọ́. Ẹ wo Christof Heyns. Bàbá rẹ̀, Johan Heyns, jẹ́ aṣáájú nínú ìjọ àwọn aláwọ̀ funfun, tó wá kẹ̀yìn sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà; wọ́n yìnbọn pa á nínú ilé rẹ̀ ní Pretoria ní Oṣù Kọkànlá 1994. Ọmọ yìí darí ibùdó náà, ó di ọ̀gá ẹ̀ka òfin, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì fi í ṣe aṣojú tó ń tọpa ìpànìyàn aláìbófinmu kárí ayé láti 2010 sí 2016. Òun ló kìlọ̀ fún wọn ní 2013 nípa rọ́bọ́ọ̀tì tó lè dá yan ẹni tí yóò pa. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tún Ìlànà Minnesota kọ ní 2016: bí ọlọ́pàá ṣe gbọ́dọ̀ ṣọ́ ibi tí òkú wà, irú ẹni tó yẹ kó yẹ òkú wò, bí ẹbí ṣe lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tí ìwádìí dé. Heyns kú ní 2021. Ní 1986, kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí a lè tẹ́ síwájú ọlọ́pàá Ìkẹjà. Báyìí, ó wà, ẹbí òkú tó bá ní agbẹjọ́rò sì lè béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tiwa, ìwé kankan kò gba ẹni tí ìjọba fẹ́ pa sílẹ̀. 1995 fi bó ṣe rí hàn wá. Ní Oṣù Kẹfà ọdún yẹn, Kóòtù Òfin Ìpìlẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní ikú kì í ṣe ìjìyà tí ìjọba lè dá fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ní ọjọ́ 10 Oṣù Kọkànlá, ìjọba ológun Abacha so Ken Saro-Wiwa àti ọmọ Ògóni mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní Port Harcourt. Adájọ́ ló jókòó ṣe alága tíríbúnà tó dá wọn lẹ́jọ́; agbẹjọ́rò ló ro ẹjọ́ ìjọba. Lọ́jọ́ kejì, àjọ Commonwealth dá Nàìjíríà dúró láàárín ara wọn, ohùn Mandela sì wà lára àwọn tó le jù. Ilẹ̀ tí a fi owó oṣù gbà sílẹ̀ ló dìde tó ń bá wa wí. Ó dùn wá dé egungun, ó sì tọ́ sí ìjọba wa.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá ni wí nígbà yẹn kò mọ́ tónítóní lónìí. Gbogbo ayé ló ń yin òfin ìpìlẹ̀ tí Gúúsù Áfíríkà kọ ní 1996. Òfin yẹn wà níbẹ̀ ní 2008, ní 2015 àti ní 2019, nígbà tí àwọn jàǹdùkú ń dáná sun ṣọ́ọ̀bù àlejò tí wọ́n jọ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2019, ọkọ̀ òfurufú Air Peace ló lọ kó ọmọ Nàìjíríà wá sílé. Ọmọ wa tó ń kọ ìwé másítà lórí ẹ̀tọ́ àlejò nínú ọgbà yunifásítì ní Hatfield ní láti ro ibi tí òun máa gbà bí ilẹ̀ bá ṣú. Ilé ìwé lè mú ọgbà tirẹ̀ tòrò. Kò lè dá ìlú mú tòrò.

Láyé ológun, ìdájọ́ kì í yá, bó bá sì dé, ẹni tó fà á lè ti kú. Ní ìdájí ọjọ́ 30 Oṣù Kìíní 1996, àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ SSS lọ mú Gani nílé rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Bauchi. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ gbé Àdéhùn Áfíríkà dìde lé wọn lórí, àdéhùn tí a kò gbọ́ gbúròó rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹjọ́ náà gùn títí di 2000 kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó sọ̀rọ̀ lé e: àdéhùn náà jẹ́ òfin wa, ó lágbára ju òfin ilẹ̀ yòókù lọ, àmọ́ kò ga ju òfin ìpìlẹ̀. Abacha tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ẹjọ́ náà ti kú láti 1998. Lọ́dún tó tẹ̀ lé ìdájọ́ náà, 2001, Ìgbìmọ̀ Áfíríkà dá Nàìjíríà lẹ́bi lórí bí wọ́n ṣe ba ilẹ̀ àti omi Ògóni jẹ́. Kárí Áfíríkà ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ òfin ní ìdájọ́ yìí, Pretoria sì wà lára wọn. Ọmọ Ògóni tó ń dúró de omi tó mọ́ kò sí nínú kíláàsì.

Lóde òní, ìdájọ́ ń yá díẹ̀, àmọ́ ìjọba náà ti kọ́ bí a ṣe ń sá fún un. Ní Oṣù Keje 2020, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí Heyns wà nínú rẹ̀ fi ìwé kan jáde lórí ìwọ́de, òun ló sì ṣáájú kíkọ rẹ̀: ìbọn kì í ṣe ohun tí a fi ń tú ìwọ́de ká, ìjọba kò sì gbọ́dọ̀ pa íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ àwọn tó ń wọ́de lẹ́nu. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni sọ́jà dé ibodè Lẹ́kí. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Èkó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn ní wọ́n yìnbọn sí àwọn ọmọ tó ń wọ́de níbẹ̀. Ìjọba tó yan ìgbìmọ̀ kò gba ohun tí wọ́n sọ nípa àwọn tó kú. Ní Oṣù Kẹfà 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa. Kóòtù ECOWAS ní ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, ní Oṣù Keje 2022. Nígbà yẹn, ẹyẹ ọ̀hún ti padà sórí igi láti bí oṣù mẹ́fà.

Àwọn ìjọba mìíràn kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ìdájọ́. Kóòtù Áfíríkà wà ní Arusha. Bí orílẹ̀-èdè bá fọwọ́ sí ìwé kan, ọmọ ìlú rẹ̀ lè gbé e lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Rwanda fa ìwé tirẹ̀ yọ ní 2016, Tanzania ní 2019, Benin àti Côte d'Ivoire ní 2020. Benin, tí àwọn ará wa wà ní Kétu àti Sábẹ̀, tí ọmọ Pretoria ń lọ parí ẹ̀kọ́ ẹ̀tọ́ ní yunifásítì rẹ̀, ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ìlú rẹ̀ lẹ́yìn tí kóòtù náà dá olówó kan tó ń bá ìjọba du agbára láre. Nàìjíríà kò ti ilẹ̀kùn. Kò ṣí i rí ni.

Owó náà ti yí padà. Nígbà tiwa, owó oṣù òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ló ń lọ sí ìsàlẹ̀ Áfíríkà; a kò rí ìwé ìṣirò rẹ̀, a kò sì bèèrè. Lónìí, owó Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló ń gbé apá ńlá nínú másítà Pretoria, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tí olú rẹ̀ wà ní Venice. Ìwé ìṣirò pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀kọ́ náà sì ń lọ. Àmọ́ ẹni tó ń sanwó ìlù, bí kò tilẹ̀ yan orin, lè ní ijó ti sú òun. Ìjọba Áfíríkà tó bá fẹ́ bú àwọn ọmọ yìí kì í wá ẹ̀sùn jìnnà: á ní àwọn òyìnbó ló rán wọn.

Láyé àtijọ́, ẹni tó wà ní sẹ́ẹ̀lì ní Nàìjíríà ń dúró de kí orúkọ òun dé etí ẹni ńlá kan. Báyìí, ilé ni díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti 2003 ni àjọ NULAI ti ń ran ẹ̀ka òfin lọ́wọ́ láti dá klíníìkì òfin sílẹ̀; Ìbàdàn ní èyí tó wà fún àwọn obìnrin. Akẹ́kọ̀ọ́ á di báírò àti ìwé ńlá kan mú wọ inú ẹ̀wọ̀n, á bi ẹni tó jókòó sílẹ̀ léèrè ọjọ́ tí wọ́n mú un, ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn rẹ̀, ìgbà tó rí adájọ́ kẹ́yìn. Ju ìdajì àwọn tó wà lẹ́wọ̀n wa lọ ni wọn kò tíì dá lẹ́jọ́. Òfin 2015 lórí ètò ẹjọ́ ọ̀daràn fi gbèdéke lé iye ọjọ́ tí wọ́n lè fi ènìyàn pa mọ́. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kọjá nílò ẹnì kan tí yóò ka ọjọ́ náà síwájú adájọ́. Iṣẹ́ yìí kò lókìkí. Kò ní fọ́tò ní Geneva. Nínú gbogbo ohun tí ayé tuntun mú wá, òun ni ìran wa lè fi gbogbo ẹnu yìn, torí a rántí àwọn tí a bá ní sẹ́ẹ̀lì tí a kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ayé àná àti ayé òní jọ ní. Dìkíríì 2 kò ti ọwọ́ sọ́jà jáde. Ọ̀gágun mọ ohun tó fẹ́; kò mọ bí a ṣe ń kọ gbólóhùn tí yóò ti kóòtù pa láì fi àlàfo sílẹ̀. Lọ́yà ló mọ̀ ọ́n. Lọ́yà tó kọ Dìkíríì 28 mọ ibi tí ìdájọ́ Lakanmi ti dun ológun, ó sì lẹ̀ ẹ́ pa níbẹ̀. Irú kíláàsì tí a jókòó sí ni wọ́n jókòó sí, ìwé tí a kà ni wọ́n kà. Bákan náà, ààrẹ tó bá fa ìwé yọ ní Arusha kò dá a kọ. Ẹnì kan ló bá a wá abala òfin tó yẹ, tó to lẹ́tà náà lẹ́sẹẹsẹ. Ọmọ tó gbèjà ìjọba láàárọ̀ tó sì gbèjà ọmọ ìlú lọ́sàn-án kò ṣẹ̀, kóòtù tí ìjọba kò bá ní agbẹjọ́rò kì í ṣe kóòtù. Àmọ́ ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò jókòó ní míníísítírì, tí wọn á gbé ìwé òfo síwájú rẹ̀, tí wọn á ní kó kọ àṣẹ tí yóò gba ẹnu lọ́wọ́ ará ìlú. Kò sí máàkì fún ìyẹn nínú mọ́ọ̀tù.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi wá pé ṣé ìgbà tiwa sàn ju tiwọn lọ, rárá ni. A ní akọni díẹ̀, a sì fi wọ́n bo ọ̀pọ̀ tó dákẹ́. Bí wọ́n bá bi wá pé ṣé tiwọn sàn, ó sàn ní ìwé, ó sàn ní ọgbọ́n, a kò tíì lè sọ ti àyà. Sàtífíkéètì tí Pretoria ń fúnni kò ní sọ fún wa, ẹ̀bùn UNESCO kò ní sọ fún wa. Àṣẹ burúkú kò ní tán lẹ́nu ìjọba, ológun ni o, tí a dìbò yàn ni o. Kí àṣẹ náà kiri ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì kó má rí lọ́yà tí yóò bá a kọ ara rẹ̀ di òfin, èrè tí a lè bi ilé ìwé ẹ̀tọ́ léèrè nìyẹn, ní Pretoria, ní Ifẹ̀, ní Abomey-Calavi.